Ta Ló Fi Dick Dale Jọba? Àgbéyẹ̀wò Ẹjọ́ Tí Kò Tán Láàrin Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀

Láti ìgbà tí Dick Dale, ata-jìtá ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ mọ́ orin surf, ti kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 81, àríyànjiyàn tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń ṣe lórí rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń jiyàn bóyá ó mọ jìtá ta. Ìyẹn ti yanjú tipẹ́. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni wọ́n ń fà lọ fà bọ̀. Apá kan ní agbéraga ni, pé oyè tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹ ni ó ń jẹ, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀ títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Apá kejì ní ẹni tó bá ṣe bí ó ti ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́nnu. Apá kẹta, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá a pàdé lójúkojú, ní kí ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ jàre, ọ̀làwọ́ ènìyàn ni, nítorí bó bá ti ta jìtá tán, á jókòó ti èrò títí ẹni ìkẹyìn á fi rí i kí.

Ojú tèmi ni pé kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn, ibi tí kálukú ti pàdé rẹ̀ ló yàtọ̀. Dale júbà àgbà, ó sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọmọdé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kì í fẹ́ kí. Bí a bá mú èyí sọ́kàn, ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ náà yóò rọrùn láti dá.

Richard Anthony Monsour ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Boston ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1937, ó sì dàgbà ní Quincy, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Lẹ́bánónì ni bàbá rẹ̀, ìyẹn àwọn tí àwa ń pè ní Kòráà, tí àwọn èèyàn wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí Gbági ní Ìbàdàn. Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ni ìran ìyá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ ń ta oud, ohun èlò olókùn àwọn Lárúbáwá, ó sì kọ́ ọmọ náà ní ìlù àfọwọ́lù tí wọ́n ń pè ní tarabaki. Ìlù yìí ni kí ẹ má gbàgbé. Títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀ ni Dale ń sọ pé onílù ni òun, pé jìtá kàn jẹ́ ohun tí òun ń lù ni, àti pé Gene Krupa, onílù jáàsì, ni ọ̀gá òun. Ẹni tó bá rí i lórí ìtàgé níbi tó ti mú ọ̀pá ìlù, tó ń fi lu okùn jìtá báàsì tó wà lọ́rùn ẹlòmíràn, á mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn.

Ní 1954, ìdílé náà kó lọ sí gúúsù California, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Orin country ló kọ́kọ́ ń kọ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tí wọ́n ń pè ní Texas Tiny, ló sì sọ ọ́ ní Dick Dale. Etí òkun ló ti rí ìgbì, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gùn ún, ohun tí wọ́n ń pè ní surf.

Nígbà tó di 1961, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta jìtá ní Rendezvous Ballroom, gbọ̀ngàn ijó ńlá kan ní Balboa, ní Newport Beach. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gun ìgbì ló kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ, wọn kò sì pọ̀. Kò pẹ́ tí èrò fi ń lọ sí 3,000 lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn aláṣẹ ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ọmọkùnrin tí kò bá wọ táì kò gbọdọ̀ wọlé. Dale máa ń sọ pé ńṣe ni àwọn kó táì sí ẹnu ọ̀nà, táwọn ń pín in fún àwọn ọmọ tó ti etí òkun bọ̀ láìwọ bàtà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn rẹ̀ yòókù lọ, bóyá nítorí pé òun nìkan kọ́ ni akọni inú rẹ̀.

Ní ọdún náà ló gbé "Let's Go Trippin'" jáde lábẹ́ Deltone, ilé iṣẹ́ àwo orin tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ni, jìtá ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwo orin gbọọrọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Surfers' Choice, tẹ̀ lé e ní 1962, Capitol, ilé iṣẹ́ àwo orin ńlá, sì gbà á wọlé ní 1963. Àwo tó tẹ̀ lé ìyẹn ni wọ́n pè ní King of the Surf Guitar, tí àwọn obìnrin akọrin ń ki í nínú orin tó gbé orúkọ àwo náà, bí ìgbà tí a bá ń ki olóyè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọba ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwa kọ́ ni ó yẹ kó bínú sí ẹni tó fi orin jọba. Ẹ wo iye ọba tó wà nínú jùjú àti fújì. Ṣùgbọ́n a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé adìẹ mélòó ni Dale gbé?

Àwọn tó ń takò ó máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu ba Bel-Airs, àwọn ọmọdékùnrin kan láti ìhà etí òkun Los Angeles tí orin wọn, "Mr. Moto", jáde ní ọdún 1961 yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn náà dáadáa ní orin yẹn ló ṣáájú. Kí wọ́n tó dé sì rèé, Link Wray ti ṣe "Rumble" ní 1958, Duane Eddy ti ń ta ohùn jìtá tó wúwo, àwọn Ventures sì ti mú "Walk, Don't Run" jáde ní 1960. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Barrister àti ti Kollington tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó dá fújì sílẹ̀ ti mọ bí irú ẹjọ́ yìí ṣe ń lọ: oníkálukú á mú ọjọ́ tó wù ú, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Bel-Airs fúnra rẹ̀ ló yé mi jù. Àwọn méjì tó ń ta jìtá níbẹ̀, Paul Johnson àti Eddie Bertrand, kò gbọ́ra wọn yé mọ́ nígbà tó yá. Bertrand fẹ́ ohùn ńlá tó ń dún padà, irú èyí tí Dale ń lò, Johnson sì fẹ́ kí ohùn jìtá gbẹ bó ti wà. Wọ́n túká. Bertrand dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ó pè é ní Eddie & the Showmen, ó fi orúkọ ampilifáyà tí Dale sọ di olókìkí sọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ṣeé ṣe kó ṣáájú Dale tú ká nítorí ohùn Dale. Bóyá òun ló kọ́kọ́ dé tàbí òun kọ́, òun ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ampilifáyà yẹn, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti dùn jù.

Ọwọ́ òsì ni Dale ń lò. Jìtá tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló kọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó yí i po, kò sì tún okùn rẹ̀ tò. Nítorí náà, okùn tó nípọn jù, tó máa ń wà lókè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìsàlẹ̀ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Okùn wo tiẹ̀ ni? Àwọn tó ń ta jìtá iná lóde òní sábà máa ń lo okùn tí èyí tó tín-ín-rín jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú 1,000 íǹṣì, tí èyí tó nípọn jù jẹ́ 46. Ti Dale bẹ̀rẹ̀ láti 16, ó sì lọ dé 60. Wáyà ni ká sọ pé ó jẹ́. Kì í rọra fọwọ́ kàn án o, ńṣe ló ń lù ú lókè, ó ń lù ú nísàlẹ̀, láìsinmi, kíákíá, títí ike tó fi ń ta á á fi máa yọ́ sí i lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí.

Leo Fender, tó ni ilé iṣẹ́ jìtá ní Fullerton tí kò jìnnà síbẹ̀, kò mọ jìtá ta rárá. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ó fún Dale ní jìtá Stratocaster àti ampilifáyà, ó ní kó lọ lò wọ́n wò. Dale bà wọ́n jẹ́. Ó fún un ní òmíràn, Dale tún bà á jẹ́: sípíkà á ya, ẹ̀rọ á gbóná, nígbà mìíràn á gbiná. Dale máa ń sọ pé àwọn tó bàjẹ́ lọ́wọ́ òun súnmọ́ 50. Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Okùn tó nípọn ń mú ohùn ìsàlẹ̀ tó lágbára jáde, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì ń ti abẹ̀bẹ̀ inú sípíkà síwá sẹ́yìn jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara èèyàn 3,000 máa ń gbé ohùn mì bí aṣọ ìkélé ṣe ń gbé e mì. Nínú ilé iṣẹ́ tí Leo ti ń dán ẹ̀rọ wò, kò sí èrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí òun àti Freddie Tavares, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wá dúró sáàrin èrò ní Rendezvous ni ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Wọ́n fi tiransifọ́mà tó tóbi sí i, wọ́n gba sípíkà fífẹ̀ íǹṣì 15 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ JBL, wọ́n sì ṣe Showman. Nígbà tó yá, wọ́n fi sípíkà méjì sínú àpótí kan, ó di Dual Showman.

Ṣé Dale ló ṣe ampilifáyà náà? Rárá o, kò jó wáyà kankan mọ́ra. Àwọn tó sì ń sọ pé ariwo lásán ló pa níbẹ̀ kò mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe rí. Alágbẹ̀dẹ kò lè mọ àléébù ọkọ́ bí kò bá sí ẹni tó fi roko líle. Òun ni àgbẹ̀ náà, kò sì sẹ́ alágbẹ̀dẹ: kò sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ tí kì í yin Leo Fender bí ọmọ ṣe ń yin bàbá tó bí i.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń pè ní reverb ni wọ́n tún máa ń fi sí i lọ́rùn. Ó ní ohùn òun kò gbọ̀n dáadáa bí òun bá ń kọrin, ìdí nìyẹn tí òun fi béèrè fún un, kí òun tó wá fi jìtá sí i. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi etí sílẹ̀ gbọ́ "Let's Go Trippin'" kò ní gbọ́ reverb kankan nínú rẹ̀. Ohùn tútù, bí ẹni pé omi ń kán lára jìtá, tí gbogbo ayé fi mọ orin surf, àwọn mìíràn kó ipa púpọ̀ nínú bó ṣe tàn kálẹ̀. "Pipeline" àwọn Chantays, tó gbajúmọ̀ ní 1963, ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún ẹni tó bá béèrè. Dale kì í sáré dárúkọ àwọn wọ̀nyí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àìdárúkọ ẹgbẹ́ yìí ló sì mú kí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ máa fi ojú agbéraga wò ó.

Ọ̀rọ̀ Jimi Hendrix, gbajúmọ̀ ata-jìtá, ló tún bà á jẹ́ sí i. Dale ní òun pàdé rẹ̀ nígbà tó ń ta jìtá lẹ́yìn akọrin Little Richard, òun sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n díẹ̀. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tí Hendrix sọ nípa orin surf nínú "Third Stone from the Sun", ti 1967, òun ló ń bá wí, pé ó gbọ́ pé jẹjẹrẹ fẹ́ pa òun. Ẹ wò ó dáadáa. Òótọ́ ni pé Hendrix bá Little Richard ṣiṣẹ́ ní 1964 sí 1965. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń ta jìtá lẹ́yìn onírúurú akọrin aláwọ̀ dúdú káàkiri. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun náà, àmọ́ okùn tirẹ̀, ó tún un tò kó lè bá ọwọ́ òsì mu. Ká ní Dale ló kọ́ ọ, ibi tí mo ti máa retí pé kí àmì rẹ̀ ti hàn nìyẹn. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti yíyí jìtá po láìtún okùn tò, Albert King, ata-jìtá blues, náà ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pàdé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ọ̀nà jìn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò nílò rẹ̀. Ẹni tó gba ampilifáyà lọ́wọ́ Leo Fender, tó mú orin Lárúbáwá wọ inú gbọ̀ngàn ijó àwọn ọmọ etí òkun California, kí ló fẹ́ fi Hendrix ṣe? Nígbà tí àwọn tó mọ̀ bá ti rí ibi tí ìtàn kan kò ti dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fura sí gbogbo ìyókù, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Bí wọ́n bá ní òun ni bàbá heavy metal, mo lè gba ìdajì rẹ̀: ariwo àti agbára, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ mọ́ kedere. Link Wray ló mú ohùn tó há wá.

"Misirlou" ni kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó yani lẹ́nu sì ni pé tirẹ̀ kọ́. Orin àtijọ́ ni ní ìhà ìlà-oòrùn òkun Mediterranean, àwọn Gíríìkì ti gbà á sílẹ̀ sórí àwo láti 1927. Dale sọ pé ọmọdé kan béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òun lè ta orin lórí okùn kan ṣoṣo. Ó rántí pé mọ̀lẹ́bí òun máa ń ta á bẹ́ẹ̀ lórí oud. Lọ́jọ́ kejì, ó mú un, ó sì sáré sí i gidigidi. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde ní 1962. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Beach Boys ta á, wọ́n sì ta "Let's Go Trippin'" pẹ̀lú, nínú àwo wọn Surfin' USA.

Ní 1941, Nick Roubanis, olùkọ́ orin kan tó jẹ́ Gíríìkì ní Amẹ́ríkà, ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí orin náà lábẹ́ òfin. Nítorí náà, nígbà tí Quentin Tarantino fi Misirlou ti Dale bẹ̀rẹ̀ Pulp Fiction ní 1994, tí Black Eyed Peas tún gé e sínú "Pump It", tí àwọn ọ̀dọ́ jó ní Èkó àti níbi gbogbo láìmọ̀ pé Dale ni wọ́n ń jó, owó ẹni tó kọ orin kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Fíìmù yẹn dá okìkí rẹ̀ padà lóòótọ́. Kò sọ ọ́ di olówó tó lè lọ jókòó sílé.

Èyí ló gbé wa dé orí ìlawọ́. Ìgbà tí àwọn Beatles wọ Amẹ́ríkà ní 1964 ni ọjà orin surf ti dojú dé. Láàrin ọdún díẹ̀ sí i, jẹjẹrẹ kọ lu Dale, ó yè é. Ní 1979, ó farapa nígbà tó ń wẹ̀ lókun, omi tó dọ̀tí wọ ojú egbò, díẹ̀ ló kù kí ó pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀. Látìgbà náà ló ti ń pariwo pé kí wọ́n yéé da ẹ̀gbin sókun. Ní 1987, ó bá Stevie Ray Vaughan ta "Pipeline" nínú fíìmù Back to the Beach. Ẹ kíyè sí i: Vaughan kéré sí i ní ọdún mẹ́tàdínlógún. Ara Dale máa ń balẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé.

Nígbà tó darúgbó, tí jẹjẹrẹ padà, tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí àtọ̀gbẹ náà ń bá a fà á, kò yéé rìn láti ìlú dé ìlú. Lẹ́yìn eré, á jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta àwo àti ṣẹ́ẹ̀tì. Èrò á tò lọ títí. Á fọwọ́ sí jìtá ọmọ ọdún mẹ́wàá, á bi bàbá rẹ̀ léèrè bó ṣe ń jẹun, á sọ fún aláìsàn tó wá pé òun náà rèé, ó ń dun òun, òun kò sì dùbúlẹ̀. Wákàtí lè kọjá lórí wákàtí níbẹ̀. Àwọn tó tò sórí ìlà yẹn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Bel-Airs.

Ní 2015, ó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Pittsburgh pé òun kò lè fẹ̀yìn tì, pé òun ní láti rí bí $3,000 lóṣooṣù fún àwọn ohun èlò ìtọ́jú tí ìdójútòfò ìlera òun kò san. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ayé. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan ti ń sọ pé ẹ ò rí i, owó ló ń wá lórí tábìlì yẹn, kì í ṣe ìfẹ́ èrò. Mi ò gbà fún wọn. Ẹni tó fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀tì lè tà á láàrin ìṣẹ́jú 20, kó bọ́ sínú ọkọ̀. Ìlú tó jẹ́ kí arúgbó ẹni ọdún 78 máa gbé jìtá kiri nítorí àpò ìgbẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn lára ni mo bá wí. Nígbà tó kú ní Loma Linda, California, eré ṣì wà nílẹ̀ tó yẹ kó lọ ṣe lọ́dún náà.

Àríyànjiyàn tó kù ni ti Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rock. Duane Eddy wọ ibẹ̀ ní 1994, àwọn Ventures wọ̀ ọ́ ní 2008, Link Wray tí ó ti kú tipẹ́ wọ̀ ọ́ ní 2023. Dale kú láìwọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọlá àwọn olórin ní Nashville gbà á ní 2009. Àwọn kan ní ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Mo rò pé ọjà ni. "Let's Go Trippin'" kò kọjá ipò 60 lórí àtẹ Billboard, nítorí pé nígbà tí àwo rẹ̀ ń gbóná, kò fẹ́ kúrò ní California, níbi tí ìgbì òkun rẹ̀ wà. Bí ìwà ni wọ́n bá fi ń yan èèyàn sílé ọlá yẹn, ìjókòó á ṣófo púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ṣì rò pé ẹnu lásán ló fi jọba, kó lọ so okùn 60 mọ́ jìtá rẹ̀, kó ta "Misirlou" lórí okùn kan náà, bí Dale ṣe sáré tó, fún ìṣẹ́jú méjì péré. Bó bá parí, kó wá sọ fún wa bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí.